Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ìdọ̀tí ilé: ẹ má da tútù mọ́ gbígbẹ

Ohun tó máa ń pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí ilé wa kì í ṣe ike, kì í sì í ṣe ọ̀rá. Èèpo ni: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo, igi ẹ̀fọ́, ọsàn tó ti bàjẹ́. Ìjọba Èkó máa ń sọ pé ìdọ̀tí tó ń jáde nílùú náà lójúmọ́ tó nǹkan bí 13,000 tọ́ọ̀nù, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ nǹkan tó lè jẹrà di ajílẹ̀. Síbẹ̀, inú ọ̀rá dúdú kan náà ni èèpo iṣu, ìgò omi, páálí àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì ń wọ̀. A so ó lẹ́nu, a gbé e sẹ́nu géètì, ó di ọwọ́ PSP, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń kó ìdọ̀tí.

Inú ọ̀rá yẹn ni gbogbo nǹkan ti ń bàjẹ́. Omi ọbẹ̀ á ro sórí páálí, páálí á rà. Ẹ̀bà á lẹ̀ mọ́ ìgò ike, ẹni tó fẹ́ rà á ò ní fẹ́ mọ́. Àfọ́kù gíláàsì á há sáàárín èèpo, ta ni yóò wá tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé òun fẹ́ ṣe ajílẹ̀? Bí wọ́n bá ní kí n mú àṣìṣe kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí à ń ṣe nílé, dída tútù (èèpo àti oúnjẹ) mọ́ gbígbẹ (ìgò, ike, páálí) ni màá mú. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù, ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ.

Ẹ má fi omi sínú ìgò torí kílò

Láti 2012 tí Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá ti dá Wecyclers sílẹ̀ l'Ékòó, tí àwọn èèyàn wọn ń fi kẹ̀kẹ́ wọ àdúgbò láti kó ike àti agolo, tí wọ́n sì ń fún onílé ní máàkì tó lè fi gba ẹ̀bùn, ọ̀pọ̀ ti wá mọ̀ pé owó wà nínú ìgò tó ti ṣófo. Ibi tí owó bá sì wà, ọgbọ́n àyínìke á dé. Àwọn kan á rọra fi omi sílẹ̀ nínú ìgò, àwọn míì á ki òkúta sí ìdí àpò, kó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń rà á kì í ṣe ọmọdé. Á da àpò náà sílẹ̀, á mi ìgò méjì mẹ́ta létí, tó bá ti gbọ́ ìró omi báyìí, iye kílò tó bá wù ú ló máa yọ kúrò, ẹ ò sì ní lẹ́nu láti bá a jà.

Ẹ da omi rẹ̀ nù, kẹ́ ẹ ṣan inú rẹ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá fi omi mímu ṣe é. Omi tẹ́ ẹ fi fọ abọ́ tán ti tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó má baà gba àyè. Ní ti ìdérí, ẹ bi ẹni tó ń rà á. Ike tí wọ́n fi ṣe ìdérí yàtọ̀ sí ti ìgò fúnra rẹ̀: nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, wọ́n á da èyí tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ sínú omi, ti ìgò á rì, ti ìdérí á léfòó. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdérí kì í ṣe ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó o jọ ládùúgbò máa ń fẹ́ kó dá wà.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà ní olówó tiẹ̀, bó bá ṣáà ti gbẹ. Ẹ gé igun rẹ̀, ẹ sá a sóòrùn, kẹ́ ẹ tó dì í. Èyí tí kò ní olówó ni ọ̀rá bisikíìtì, ti ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú àti ti mílíìkì, àwọn tí inú wọn ń dán yẹn. Ike àti áálúmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ìyà tó wà nínú títú wọn ká ju owó tó wà níbẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bá irú rẹ̀ díẹ̀ nínú àpò yín, iye tí wọ́n fẹ́ san lórí gbogbo àpò lè wálẹ̀. PSP ni kẹ́ ẹ gbé e fún.

Abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń ta ráìsì ńkọ́? Ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì fi àwọn ike ìlòkannù míì bíi sítírọ́ọ̀ kún un láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025. Bẹ́ ẹ bá ṣì rí i gbà níbì kan, ẹ má kó o mọ́ ike.

Ajílẹ̀ kì í ṣe àkìtàn

Láyé àwọn bàbá wa, àkìtàn ẹ̀yìnkùlé máa ń hu àgbàdo àti elégédé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ọ̀rá níbẹ̀, kò sí bátìrì, kò sí pampers. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ajílẹ̀ nílé lónìí ṣì rò pé ká ṣáà ti kó gbogbo nǹkan jọ sí igun kan, ilẹ̀ á bá wa ṣe é. Lọ́sẹ̀ kejì, òórùn á lé wọn kúrò lẹ́yìnkùlé, aládùúgbò á ti máa rojọ́ wọn fún lańdọ́ọ̀dù.

Òórùn yẹn, omi àjù ló fà á. Èèpo àti ẹ̀fọ́ nìkan tútù jù. Bí wọ́n bá dì mọ́ra, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé, wọ́n á sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Bí ẹ bá da garawa kan èèpo tútù síbẹ̀, ẹ da garawa méjì sí mẹ́ta ohun gbígbẹ lé e: ewé gbígbẹ tẹ́ ẹ gbá jọ, háhá àgbàdo tó ti gbẹ, páálí tí kò ní epo lára tẹ́ ẹ ya wẹ́wẹ́, tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó láti ìsọ̀ káfíńtà. Ẹ ṣáà má gba ti pákó tó ní ọ̀dà tàbí èyí tí wọ́n fi oògùn ikán pa. Bẹ́ ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tẹ́ ẹ fún un mọ́wọ́, tí omi ń kán, ẹ fi gbígbẹ kún un. Bó bá ń tú dànù lọ́wọ́, ẹ wọ́n omi sí i. Nígbà òjò, ẹ fi tapólì bò ó. Mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń gbójú fo èyí, nígbà tó jẹ́ pé oṣù kẹfà ni ajílẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ń di ẹrẹ̀.

Òkìtì tó kéré bí ẹ̀kún abọ́ kan kò ní gbóná láé. Kó tó mítà kan níbùú, kan lóòró, kan lókè, kẹ́ ẹ tó lè máa retí ooru. Ẹ ki irin gígùn kan bọ àárín rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fà á yọ: bí ajílẹ̀ náà bá ń ṣiṣẹ́, irin yẹn máa gbóná débi pé ẹ ò ní fẹ́ dì í mú pẹ́. Nǹkan bí ìwọ̀n 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì ló dáa, torí ooru yẹn ló ń pa kóró èpò àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Ẹ máa yí i pa dà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọbẹ̀, eegun, orí ẹja àti ìyókù oúnjẹ tó ní epo pupa sí i. Eku ni wọ́n ń pè. Eku sì ju ọ̀rọ̀ ìríra lọ nílẹ̀ wa: ara eku ni ibà Lássà ti ń wá, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára ibi tí àrùn náà ti ń dààmú èèyàn jù ní Nàìjíríà.

Eérú náà ní ìwọ̀n. Díẹ̀ dáa, ó ń fún ilẹ̀ lókun. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ń da gbogbo eérú àdògán lé e, ohun tó yẹ kó mú ẹ̀fọ́ yín tutù yọ̀yọ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ní tiẹ̀ máa ń jó ẹ̀fọ́ ní gbòǹgbò, torí náà inú òkìtì ni kó kọ́kọ́ lọ. Ewé mọ́ínmọ́ín ń jẹrà, ọ̀rá mọ́ínmọ́ín kì í jẹrà. Ẹ wo ọwọ́ ọmọ tẹ́ ẹ rán. Ṣúkù àgbàdo máa pẹ́ gan-an àyàfi tẹ́ ẹ bá gé e wẹ́wẹ́. Ní ti èèpo àgbọn, èmi ò tiẹ̀ ní dá a láàmú, ìdáná ló yẹ ẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ ò ní mọ èwo ni èèpo iṣu mọ́, òórùn ilẹ̀ nìkan ni yóò kù. Ẹni tó bá kó o sórí ebè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kàn ń wá ìdin fún ẹ̀fọ́ rẹ̀ ni.

Ta ló ń gbé e lọ?

Ẹ̀ ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ láti oṣù tó kọjá, ẹ wá ń gbé àpò méjèèjì fún ọkọ̀ PSP kan náà. Ọkọ̀ tó ń rún ìdọ̀tí mọ́ra yẹn kò mọ àpò tẹ́ ẹ ṣan. Ó ti dà á pọ̀, ó di àkìtàn. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ ẹni tó ń ra ike ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ sì mọ ọjọ́ tó ń wá.

Olómọlanke rọ owó lọ́rùn ju PSP lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ bi í pé níbo ló ń dà á sí. Abẹ́ afárá, ẹ̀gbẹ́ kánáàlì. Àwọn tí kò tiẹ̀ fẹ́ san kọ́bọ̀ a dúró de òjò, wọ́n á dà á sí gọ́tà. Ẹnu ọ̀nà àwọn náà ni omi ń pa dà sí.

Abẹ́rẹ́ tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà fi ń gún ara wọn kò gbọdọ̀ wọ inú ọ̀rá rárá. Inú ike líle tó ní ìdérí ni kó wà, kẹ́ ẹ kọ ohun tó jẹ́ sí i lára. Ìgò oògùn apakòkòrò, ẹ má fọ̀ ọ́ pé ẹ fẹ́ rọ òróró sí i. Ẹ má sì jó ọ̀rá lẹ́yìnkùlé. Májèlé ni èéfín rẹ̀, ẹni tó dúró tì í ló ń kọ́kọ́ fà á símú.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tó lè fi ṣe ajílẹ̀, tó ń gbé yàrá kan nínú fesìmí, lè wá ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ládùúgbò. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n ń gba èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì nínú, ẹ sá a gbẹ kẹ́ ẹ tó fún wọn. Inú apẹ̀rẹ̀ tàbí garawa ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá, torí ewúrẹ́ máa ń jẹ ọ̀rá mọ́ oúnjẹ. Ọ̀rá ọ̀hún kì í dà nínú rẹ̀, á dì jọ sí ikùn, ẹran náà á sì máa rù títí tí yóò fi kú.