Bí a ṣe ń dá láìmsítóònù mọ̀

Ẹ̀yin ará wa l'Óṣogbo tí ẹ ń ṣa òkúta jọ, àwọ̀ nìkan máa ń tan ni jẹ. Kí ẹ tó pe òkúta funfun kan ní láìmsítóònù, ìyẹn òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, ẹ fi ìṣó irin ha á, kí ẹ sì kán fínígà sórí ìyẹ̀fun tí ó bá jáde. Bí ó bá hó bí ọṣẹ, ẹ ti súnmọ́ ọn. Mábù náà ń hó, nítorí láìmsítóònù tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yí padà ni, ṣùgbọ́n ìkarahun ẹran omi, tí a máa ń rí nínú láìmsítóònù nígbà mìíràn, kì í sábà hàn nínú tirẹ̀. Èyí tí ìṣó kò bá lè ha, tí kò sì hó, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kúátísì, òkúta líle kan tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa. Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti ń wa láìmsítóònù fún sìmẹ́ńtì.