Mi piace: bí a ṣe ń sọ ohun tó wù wá àtèyí tí kò wù wá lédè Ítálì

Bí ẹ bá yí Facebook yín sí èdè Ítálì, "Mi piace" lẹ máa rí lára bọ́tìnnì tí a fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan dùn mọ́ wa. Ìwé atúmọ̀ èdè á ní "mo fẹ́ràn" ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé nínú "mo fẹ́ràn", èmi ni olùwà, ìyẹn ẹni tó ń ṣe nǹkan náà. Nínú "mi piace", èmi kọ́ rárá. "Ó wù mí" ló sún mọ́ ọn: nǹkan náà ni olùwà, èmi ni wọ́n ṣe é sí. Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ èdè yìí á bá gbólóhùn yẹn jìjàkadì títí. Ọmọ Yorùbá ò ní ìdí láti jà. Ebi ń pa wá, òùngbẹ ń gbẹ wá, ojú ń tì wá. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ń pa ebi. Ẹ gbé "fẹ́ràn" sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ máa fi "wù" ronú.

Kódà "mi" yẹn jọ "mi" tiwa. Àyè tó jókòó sí ló yàtọ̀: tiwa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, tiwọn ń ṣáájú rẹ̀. Mi piace il caffè. Ká má sì tan ara wa o: bí kọfí bá ń wù yín mu ní báyìí báyìí, kì í ṣe "mi piace" lẹ máa sọ. "Ho voglia di un caffè" nìyẹn. "Mi piace" wà fún ohun tó máa ń wù yín ní gbogbogbòò. Bí ẹ bá sì dé ìdí káńtà tí ẹ fẹ́ rà á, "Vorrei un caffè" ni.

Àwọn arọ́pò-orúkọ tó ń dúró níwájú piace nìyí:

mi – èmi
ti – ìwọ
gli – òun, bó bá jẹ́ ọkùnrin
le – òun, bó bá jẹ́ obìnrin
ci – àwa
vi – ẹ̀yin, bẹ́ ẹ bá pọ̀
gli – àwọn

"Ó wù ú" tiwa ò bìkítà bóyá Adé ni tàbí Àdùkẹ́. Tiwọn bìkítà, nítorí náà ẹ dá gli àti le mọ̀ yàtọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ti ọ̀wọ̀ ńkọ́? "Ẹ" kan ṣoṣo la fi ń bá àgbà àti èrò púpọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti pín tiwọn sí méjì: vi fún èrò, Le fún àgbà kan tàbí ẹni tí a kò mọ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni, "le" ti obìnrin náà ni, kódà bó jẹ́ bàbá onírùngbọ̀n lẹ ń bá sọ̀rọ̀: "Signore, Le piace il vino?" (Ọ̀gá, ṣé wáìnì máa ń wù yín?) Ẹ má fi "Ti piace" kan bàbá ọ̀rẹ́ yín lójú àyàfi bó bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí Yorùbá kò ti lè gbà wá ni ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Bàtà yìí wù mí, àwọn bàtà yìí wù mí: "wù" ò yí padà. Tiwọn ń yí. Ohun kan, piace. Ohun púpọ̀, piacciono. Mi piace questa borsa (báàgì yìí), mi piacciono queste scarpe (àwọn bàtà yìí). Ohun ẹlẹ́yọ méjì tí a so pọ̀ ti di ọ̀pọ̀: mi piacciono il riso e il pesce (ìrẹsì àti ẹja). Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìṣe ni, piace ló máa ń jẹ́, ìbáà jẹ́ ìṣe mẹ́ta: mi piace cantare, ballare e dormire (orin kíkọ, ijó jíjó àti oorun sísùn). Ẹ ṣọ́ oúnjẹ dáadáa, torí ojú lásán ò lè sọ èyí tó jẹ́ ọ̀pọ̀ níbẹ̀. Ìrẹsì (il riso) jẹ́ ẹyọ pẹ̀lú gbogbo hóró rẹ̀. Ẹ̀wà (i fagioli) jẹ́ ọ̀pọ̀. La pasta mi piace, àmọ́ gli spaghetti mi piacciono, bẹ́ẹ̀ inú abọ́ kan náà ni wọ́n wà.

Ẹ sì ti rí il, la, i, gli tó ń ṣáájú orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn (gli yìí kì í ṣe gli ti "òun" tàbí "àwọn"). A ò ní irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fò ó. "Mi piace caffè" á yé ẹni tó ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n á dún létí rẹ̀ bíi pé eyín kan yọ nínú gbólóhùn náà.

Ní ti ìpè, ìró inú "ce" ò sí lédè wa. Àwa náà la sọ ọ́ di "ṣ" nínú "ṣọ́ọ̀ṣì". Ẹ fi ahọ́n kan àjà ẹnu bí ẹni fẹ́ pe "t", kí ẹ wá tú u sórí "ṣ". Bí ẹ bá ṣì pè é ní "piaṣe", ẹ fọkàn balẹ̀: bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn ará Firenze (ìlú Florence ní Ítálì) ń pè é. Piacciono ni kò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹ di "cc" mú díẹ̀ kí ẹ tó tú u sílẹ̀, ẹ tẹ "piac" mọ́lẹ̀, ẹ má pe "i" tó wà lẹ́yìn "cc" rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ẹni tí nǹkan wù, "a" gbọ́dọ̀ ṣáájú orúkọ náà: A Kẹ́mi piace il riso. Ai bambini piace giocare (eré ṣíṣe wu àwọn ọmọdé; "a" àti "i" ló di "ai"). Bí ẹ bá yọ ọ́ tí ẹ ní "Kẹ́mi piace il riso", gbólóhùn náà ti dàrú nìyẹn. Fún ìtẹnumọ́, a me, a te, a lui, a lei, a noi, a voi, a loro ló wà. Ẹ máa gbọ́ "a me mi piace" lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìdánwò, bírò pupa ni.

Láti sọ pé nǹkan kò wù yín, ẹ kàn gbé "non" ṣíwájú mi, ti àti àwọn ẹgbẹ́ wọn:

– Ti piacciono i funghi? (Ṣé olú máa ń wù ẹ́ jẹ?)
– No, non mi piacciono per niente. E a te? (Rárá, kò wù mí rárá. Ìwọ ńkọ́?)
– A me sì, tantissimo. (Ó wu èmi, gan-an ni.)

"A me" ni ìdáhùn, kì í ṣe "io". Bí ẹ bá gbà pẹ̀lú ẹnì kejì, "Anche a me". Bí kò bá wu ẹ̀yin náà, "Neanche a me". Bó bá wù ú tí kò wù yín, "A me no". "Anch'io" wà fún àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí èèyàn ti jẹ́ olùwà, bíi adoro (mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi), odio (mo kórìíra rẹ̀) àti preferisco (èyí ni mo yàn láàyò): Preferisco il tè al caffè.

Ìwọ̀n rẹ̀ ń tẹ̀ lé piace: mi piace molto (ó wù mí gan-an), mi piace abbastanza (ó dáa díẹ̀), mi piace da morire (ó wù mí bí ẹni máa kú). "Mi fa schifo" ni "ó ń rí mi lára". Bó bá jẹ́ ọ̀pọ̀, "mi fanno schifo". Ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nídìí tábìlì ẹni tó se oúnjẹ fún yín. "Non ne vado matto" ni kí ọkùnrin sọ níbẹ̀, kí obìnrin ní "matta": kì í ṣe ohun tí mo ń kú lé lórí.

Pańpẹ́ tó ń mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni "mi dispiace". Ó jọ òdì-kejì piace, ṣùgbọ́n "ẹ má bínú" tàbí "ó dùn mí" ni. Ẹni tó bá tọ́ ọbẹ̀ wò tó ní "mi dispiace" ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọbẹ̀ ni. "Non mi dispiace" ńkọ́? Ìyìn ni, ìyìn ẹni tí kò fẹ́ pariwo: kò burú rárá.

Fún ohun tó ti kọjá, essere ("jẹ́", tó ń di è tàbí sono) ló ń ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe avere ("ní", tó ń di ho). "Ho piaciuto il film" kò sí. Ìparí ọ̀rọ̀ náà ń bá nǹkan tó wù yín lọ, kò kan bóyá akọ tàbí abo lẹ̀yin: il film mi è piaciuto (fíìmù: akọ, ẹyọ), la festa mi è piaciuta (àríyá: abo, ẹyọ), i libri mi sono piaciuti (ìwé: akọ, ọ̀pọ̀), le canzoni mi sono piaciute (orin: abo, ọ̀pọ̀).

Tó bá kan èèyàn, ẹ rọra. "Mi piaci" ni "o wù mí", pẹ̀lú gbogbo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lédè wa. Bó bá jẹ́ pé ìwà ẹnì kan kàn dùn mọ́ yín, "Mi sta simpatico" fún ọkùnrin, "simpatica" fún obìnrin. Ìyá yín àti ọ̀rẹ́ yín, "Ti voglio bene". Olólùfẹ́ ló ni "Ti amo".

Ọ̀nà kan náà ni servire, bastare àti mancare ń gbà. Mi serve una penna: mo nílò bírò. Mi bastano dieci euro: yúrò 10 tó mi. Mi manca mia madre: àárò ìyá mi ń sọ mí.