Bí Pẹ́dàlì Bíréèkì Bá Ń Wọlẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Fi Ọkọ̀ Kó Ẹrù Oko

Nítorí àwọn ọkọ̀ tí ìjánu wọn ń já lójú ọ̀nà ọjà la ṣe kọ ìwé yìí, pàápàá níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti Ẹ̀fọ̀n Alààyè àti Ìdànrè. Ẹ mọ ọkọ̀ wà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì gbé e, a ò ní padà sórí ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Pẹ́dàlì á máa wọlẹ̀, ẹ ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rọ ọ́ìlì bíréèkì kún ike rẹ̀, ẹ ó dé e, ó di ọjà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ tún rọ òmíràn.

Ọ́ìlì bíréèkì kì í dín fúnra rẹ̀. Tó bá ti dín, ó níbi tó gbà. Ó lè máa jò. Ó sì lè jẹ́ páàdì, ohun tó ń fún irin táyà mú kí ọkọ̀ lè dúró, ló ti jẹ, tí písítìnì, irin tó ń tì í, ń sún síta láti lé e bá, tí ọ́ìlì sì ń tẹ̀ lé písítìnì lọ. Ẹni tó bá rọ ọ́ìlì kún un nígbà tí páàdì ti jẹ ti pa àmì tó yẹ kó kìlọ̀ fún un rẹ́. Lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì bá sì fi páàdì tuntun sí i, ọ́ìlì á kún àkúnwọ́sílẹ̀, á bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Ẹ wo páàdì kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgò ọ́ìlì. Tó bá ku mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀tún àti òsì pa pọ̀.

Báyìí lẹ ó ṣe mọ ibi tó ti ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ pẹ́dàlì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà títí yóò fi le. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹsẹ̀ dúró lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30.

Tó bá ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí ibikíbi ò sì tutù, rọ́bà inú másítà, ìyẹn sílíńdà tí pẹ́dàlì fi ń ti ọ́ìlì lọ sí táyà, ló ti jẹ. Ọ́ìlì ń sá padà nínú rẹ̀. Ẹ yọ másítà. Bí nǹkan bá ti ha inú rẹ̀ tàbí tó dípẹtà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn fi rọ́bà tuntun sí i, odindi ni kí ẹ rà.

Tí ọ́ìlì bá ń dín nínú ike, ẹ dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wo páìpù, ẹ tẹ rọ́bà rẹ̀ wò bóyá ó ti sán. Ẹ wo ibi tí másítà ti fara kan búsítà, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ pẹ́dàlì, torí ó máa ń jò síbẹ̀ láìkán sílẹ̀. Ní ẹ̀yìn, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀mù, irin tó bo bíréèkì táyà ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ìka gbé rọ́bà etí sílíńdà kékeré inú rẹ̀ sókè. Tí ọ́ìlì bá wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣúù, ohun tó ń tẹ inú dúrọ́ọ̀mù kí táyà lè dúró, tí ọ́ìlì bá ti rin ín gbingbin, kò ṣeé fọ̀ lò, bó ti wù kí ó nípọn tó.

Tí pẹ́dàlì bá rọ̀ bíi tìmùtìmù, atẹ́gùn ti wọ inú ọ́ìlì. Tí títẹ̀ àkọ́kọ́ bá lọ sílẹ̀ pátápátá, tí èkejì sì ga, ó sábà máa ń jẹ́ pé ṣúù ẹ̀yìn ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù: ẹ yí i sún mọ́ ọn títí táyà yóò fi máa fara ra á díẹ̀, síbẹ̀ tí ọwọ́ kan ṣì lè yí i. Bí pẹ́dàlì bá kàn rọ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ ṣíná ẹ́ńjìnnì, búsítà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má tìtorí ìyẹn ra másítà.

Ènìyàn méjì ló ń fa atẹ́gùn jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ẹ̀yìn lósì, iwájú lọ́tùn-ún, kí ẹ parí sí iwájú lósì, àyàfi tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ fi ọ̀pá rọ́bà tó mọ́ gaara sí ẹnu nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀yìn táyà tí atẹ́gùn ń gbà jáde, kí ẹnu rẹ̀ kejì wọ inú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ á ní, “Ẹ tẹ̀ ẹ́!” Ẹni òkè á dáhùn, “Mo ti tẹ̀ ẹ́!” Ìgbà náà ni kí ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀. Kí ẹ dé nọ́ọ̀tì padà KÍ ẹni òkè TÓ gbé ẹsẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ ṣáájú, atẹ́gùn tí ẹ lé jáde ti wọlé padà. Lẹ́yìn títẹ̀ márùn-ún-márùn-ún, ẹ wo ike, kò gbọdọ̀ gbẹ. Ẹ máa ṣe é lọ títí ìfófòó kò fi ní jáde mọ́.

Irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n kọ sí ìdérí ike ni kí ẹ rà, DOT 3 tàbí DOT 4. Tí DOT 3 bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C; DOT 4, 230°C. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, DOT 3 tó ti fa omi lè hó ní 140°C. Tí ẹrù bá wúwo, tí ẹ sì ń tẹ bíréèkì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, yóò hó, pẹ́dàlì á sì kan ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́dún 2-2. Ìgò tí ẹ ti ṣí láti ìkórè èṣí, tó wà lábẹ́ ìjókòó, ẹ dà á nù. Ẹ má rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láé: rọ́bà á wú, gbogbo rọ́bà inú bíréèkì lẹ ó sì pààrọ̀. Ẹ má rọ omi sí i. Àwọn ọlọ́jà tó jókòó sórí àpò gàrí lẹ́yìn kò mọ ohun tó wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ dán an wò láìsí ẹrù, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí eré má ju kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Ẹ fi bírò fa ìlà sí ara ike níbi tí ọ́ìlì dúró sí. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ wò ó lórí ilẹ̀ kan náà. Bó bá ti kúrò lórí ìlà náà, ẹ má di ẹrù.