Bí mo ṣe tún òkìtì yẹ̀pẹ̀ kùsà fọ̀ nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn tó ń wa òkúta iyebíye ló kó òkìtì náà jọ. Túmálìn aláwọ̀ ni wọ́n ń wá. Yanrìn dúdú tó wúwo tó ń bá a rìn, ṣe ni wọ́n ń dà á nù. Inú yanrìn dúdú yẹn ni tàńtáláìtì, ìyẹn òkúta dúdú tí wọ́n ti ń yọ irin tàńtálọ́ọ̀mù, àti kùsà tánganran wà. Bí òjò bá sì ti ń rọ̀, òkìtì á máa wó sínú odò kékeré tó ń ṣàn lọ bá Odò Ọbà, omi táwọn ará abúlé ń pọn á wá ki bí ẹ̀kọ mímu. Ìdí méjèèjì ló fi yẹ ká tún un fọ̀. Ìwé àṣẹ ló ṣáájú ṣọ́bìrì o: òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun inú ilẹ̀.

Ẹ má bù lójú òkìtì nìkan láti fi dán an wò. Òjò ti gbá èyí tó fúyẹ́ lọ níbẹ̀, dúdú tó ṣẹ́kù á wá jẹ́ kó dà bíi pé gbogbo òkìtì ló rí bẹ́ẹ̀. Ihò 9 ni mo gbẹ́ láti orí dé ìdí, mo bu kìlò 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pò ó pọ̀ lórí tapólì, mo kó o jọ bí òkìtì èlùbọ́, mo tẹ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, mo pín in sí 4, mo kó ìdá méjì tó kọjú síra wọn kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀: 180 di 90, ó di 45, ó di 22.5. Nígbà tí mo fi igbá fọ èyí, gírámù 31 dúdú ló kù, ìyẹn nǹkan bíi gírámù 1,380 nínú tọ́ọ̀nù kan. Ó tó iṣẹ́ ṣe.

Sísẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Òkúta funfun fi ìlọ́po 2.65 wúwo ju omi lọ, kùsà tánganran tó ìlọ́po 7, tàńtáláìtì lè dé 8. Ṣùgbọ́n hóró ńlá òkúta funfun àti hóró wẹ́wẹ́ tàńtáláìtì lè jọ balẹ̀ nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá pa ńlá àti kékeré pọ̀ fọ̀, wẹ́wẹ́ tó níye lórí á bá omi lọ. Nítorí náà, asẹ́ mìlímítà 2 ni mo kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà mìlímítà 0.5, mo sì fọ ìpín kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èyí tó kọ̀ láti gba ojú asẹ́ àkọ́kọ́, mo bu omi sí i kí n tó fi òòlù fọ́ ọ, nítorí eruku òkúta yìí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Mo wọ ìbòmú pẹ̀lú.

Amọ̀ ni ọ̀tá ńlá. Bó bá ti di kókó, á máa yí gbiri lọ nínú omi, á sì máa gbé hóró dúdú lọ bí òkèlè ṣe ń kó ọbẹ̀. Mo rẹ yẹ̀pẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù mọ́jú, mo rò ó dáadáa, mo ka oókan dé ọgọ́ta, kí n tó da omi ẹrẹ̀ orí rẹ̀ sínú kòtò.

Pákó ni mo fi kan ọ̀nà omi tí mo fi fọ̀ ọ́: mítà 3 ní gígùn, sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìbú, kápẹ́ẹ̀tì onírun nísàlẹ̀, igi pẹlẹbẹ dábùú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra. Orí rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 30 ga ju ìdí lọ. Fún hóró wẹ́wẹ́, mo dín in sí 20. Ẹ má so pọ́ǹpù mọ́ ọn tààrà, omi á máa ta gìrìgìrì. Dúrọ́ọ̀mù orí àga gíga tó ní ẹ̀rọ omi nídìí ló ń ṣàn déédéé. Ṣọ́bìrì kan ni mo ń dà lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí a kánjú, yanrìn dì gbagidi lẹ́yìn àwọn igi yẹn, ohun tó wúwo ò ríbi wọlé, ó gba orí kọjá. Igbá kan tí mo bù nídìí pákó ló tú àṣírí: dúdú tò yíká etí igbá bí tìróò. Láti ìgbà náà, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ń yẹ ìdí wò.

Túmálìn dúdú lè tan èèyàn. Láti mọ kùsà tánganran, mo gé síńkì ara bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, mo to hóró sí i nínú abọ́ gíláàsì, mo kán ásíìdì hydrochloric tí mo ti fi omi là sí i. Ìta gbangba ni, kò sí iná nítòsí, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́. Ásíìdì ni a sì ń dà sínú omi, a kì í da omi sí ásíìdì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kùsà tánganran wọ ẹ̀wù eérú. Bí a bá fi aṣọ nù ún, á dán bí abẹ́rẹ́ tuntun. Túmálìn àti tàńtáláìtì kò yí padà.

Lẹ́yìn tí ó gbẹ dáadáa, mo tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sórí bébà. Òòfà ara ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí mo fi ọ̀rá wé, kó irin dúdú kúrò. Òòfà líle inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló kó ìyókù: bí mo gbé e ga díẹ̀, ilmenite, òkúta dúdú mìíràn tó ní irin nínú, fò mọ́ ọn, bí mo sún un mọ́ bébà, tàńtáláìtì tẹ̀ lé e. Kùsà tánganran dúró síbi tó wà. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ tà, nítorí ìdá tàńtálọ́ọ̀mù inú ẹrù ni oníbàárà ń san owó lé. Yùréníọ̀mù àti tóríọ̀mù, tí ìtànṣán wọn ń ṣe ara ní jàǹbá, lè wà nínú tàńtáláìtì, kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí èèyàn ń sùn.

Kòtò mẹ́ta ló gba omi ẹrẹ̀, ọ̀kan ń kún sínú èkejì. Etí kòtò àkọ́kọ́ jo nítorí yanrìn ni mo fi mọ ọ́n. Amọ̀ tí a gún mọ́lẹ̀ ló dá a dúró. Kí n tó lo álọ́ọ̀mù, mo dán gírámù 1, 2 àti 3 wò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20 mẹ́ta. Gírámù 2 ló sọ omi di mímọ́. Bó bá pọ̀ jù, omi á kan. Omi kòtò kẹta ni pọ́ǹpù ń dá padà sínú dúrọ́ọ̀mù, kò sí ìkankan tó lọ sódò.

Yanrìn tí a fọ̀ tán padà sínú ihò tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀: èyí tó rí ràgàjì nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ kòtò lórí rẹ̀ kó lè di omi mú, ilẹ̀ dúdú lókè pátápátá, kí òjò tó dé.