Má parí iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ kan

Ẹni tí tírélà kọ lù lọ́nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya nínú ikùn rẹ̀, ohun mẹ́ta ló ń lé e lọ: òtútù, ásíìdì tó pọ̀ jù lẹ́jẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ tí kò dì mọ́. Ọ̀kan ń bí èkejì. Bí ooru ara rẹ̀ bá ti kéré sí 35°C, tàbí tí pH ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (òṣùwọ̀n ásíìdì) kò tó 7.2, ẹ̀yin oníṣẹ́ abẹ, ẹ dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí ẹ sì jáde nínú ikùn. Àtúnṣe ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kí abẹ tó kàn án: tranexamic acid (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tún tú), gíráàmù 1 láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà gíráàmù 1 fún wákàtí 8. Bí wákàtí 3 bá ti kọjá lẹ́yìn jàǹbá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó lè pa á lára. Ẹ má da sálínì (omi iyọ̀) lé sálínì: ó ń fomi la ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mú ara tutù. Níbi tí kò sí pílásímà (omi inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì), ẹ̀jẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lára ẹbí ló dára jù, bí ẹ bá ti yẹ HIV, hepatitis B àti C, àti syphilis wò. Ẹ má ri àpò ẹ̀jẹ̀ bọ omi gbígbóná. Ẹ̀jẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ìṣẹ́jú 60 sí 90 ti tó. Ẹ fi aṣọ iṣẹ́ abẹ ńlá dí igun mẹ́rin ikùn, kí ẹ kọ iye wọn sára pátákó. Ìfun tó lu, ẹ so ó pa. Ẹ má tíì so ó pọ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá ya, ẹ to aṣọ sókè àti sísàlẹ̀ rẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ lè pàdé. Aṣọ tí ẹ bá kì bọ inú ọgbẹ́ gan-an á tún là á sí i ni. Ẹ má dí ikùn tìpàtìpà, torí yóò tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn. Ẹ má fi agbára pa ikùn dé: ìfun máa wú. Ẹ la àpò omi lítà 3 tí kò ní kòkòrò, kí ẹ fi bo ikùn, kí ẹ rán an mọ́ awọ ara.

Wákàtí 24 sí 48 tó tẹ̀ lé e, ẹ mú ara móoru, ẹ fún un ní ẹ̀jẹ̀ àti kálísíọ̀mù, ẹ máa wọn ìtọ̀ ní wákàtí wákàtí. Bí ikùn bá le gbagidi tí ìtọ̀ sì dáwọ́ dúró, ikùn ti há; ẹ tú u. Bí ara bá ti móoru tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ya, ẹ gbé e padà sórí tábìlì.

Ẹ sọ fún ẹbí, ní èdè Ọ̀kun tí wọ́n gbọ́, pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi ikùn sílẹ̀ láìpadé ni.

Nígbà tí ara bá ti padà sípò, láàárín wákàtí 24 sí 72, ẹ fi omi rin aṣọ kí ẹ tó rọra yọ ọ́, ẹ kà á, ẹ wá so ìfun pọ̀. Bí ilé ìwòsàn ní Lọ́kọ́ja ló máa parí rẹ̀, ẹ kọ iye aṣọ tó wà nínú ikùn gàdàgbà sórí lẹ́tà, kí ẹ tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà aláìsàn.