Ìwọ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ rà

Ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó dé ìdí ìwọ̀. Mo dúró síwájú ògiri kan nílé ìtajà irinṣẹ́ ìpẹja ní Houston, ìwọ̀ lóríṣiríṣi nínú ọ̀rá pélébé-pélébé, mo ń wá èyí tó tóbi jù, torí bass, ẹja omi tí kò níyọ̀ kan, ni mo fẹ́ fi pa. Mo rí 1, mo rí 2, mo rí 4, mo rí 6. Èmi tó jẹ́ pé ìṣirò ni mo fi ń jẹun, mo mú 6, ṣebí 6 ju 1 lọ. Ìgbà tí mo délé tí mo ya ọ̀rá rẹ̀ ni mo rí i pé gbogbo gígùn ìwọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ.

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí: 6 kéré sí 4, 4 kéré sí 2, 2 kéré sí 1. Tó bá ti kọjá 1, wọ́n á fi òdo tì í lẹ́yìn, 1/0, 2/0, 3/0, ó ń lọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni nọ́ńbà àti ìwọ̀ ti wá jọ ń dàgbà pọ̀. Wọn ò kọ ọ́ sára ògiri o. Ẹni tí ò bá mọ̀ á kàn ra ìranù lọ sílé.

Èpé ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá dàgbà létí ọ̀sà kì í gbà pé ẹnì kan tún lè kọ́ òun ní ẹja pípa, ìgbéraga yẹn gan-an ló ná mi lówó. Àwọ̀n àti ìgèrè làwọn àgbà ilé wa ń lò. Ìwọ̀ jẹ́ ti àwa ọmọdé: a ó gé oparun, a ó so okùn ọ̀rá mọ́ ọn, èyí táwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ń pè ní táńgíìsì, a ó wa ekòló lẹ́yìn balùwẹ̀. Ẹ̀pìà bá gbé e mì, a fà á sókè, ó parí.

Bass kì í ṣe ẹ̀pìà. Èyí tí wọ́n ń lé kiri ní Texas ni wọ́n ń pè ní largemouth, ẹnu rẹ̀ ló fún un lórúkọ: bó bá pa ẹnu dé, ìpẹ̀kun àgbọ̀n òkè rẹ̀ á kọjá ojú lọ sẹ́yìn. Ẹja tó ń ba ni. Á sá sábẹ́ koríko, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté igi tó rì, sídìí òpó èbúté, á dákẹ́ síbẹ̀. Ohun tó bá kọjá, á la ẹnu, á fà á mu tòun tomi. Bí ohun náà ò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tu ú jáde kóo tó mọ̀ pé ó ti wọlé. Gbogbo ohun tí mo padà rà lẹ́yìn náà, ìdáhùn sí ìwà ẹja yìí ni.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Mo ti gbọ́ pé bass Texas máa ń tóbi, mo bá ra ọ̀pá tó le jù lórí àtẹ, ẹsẹ̀ bàtà méje àti ààbọ̀, pẹ̀lú baitcaster, ìyẹn ríìlì tó ń jókòó sórí ọ̀pá. Dọ́là 210 ló lọ sí i. Mo ra láísẹ́nsì omi tí kò níyọ̀, dọ́là 30 fún ẹni tó ń gbé Texas. (Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò lè lọ sí state park, ìyẹn ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, wọn kì í béèrè láísẹ́nsì lọ́wọ́ ẹni tó bá dúró sétí omi níbẹ̀. Èmi ò tètè mọ̀.) Ó di Lake Conroe, adágún tí wọ́n sé odò San Jacinto fún ní 1973, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ sí àríwá Houston.

Mo fi ekòló ààyè sẹ́nu ìwọ̀ 6 mi, mo na ọ̀pá sẹ́yìn, mo jù ú. Ìdẹ náà fúyẹ́ bí ìyẹ́, ìtòsí mi níbí ló já sí. Ríìlì ò mọ̀ pé ìdẹ ti balẹ̀, ó ń yí lọ ní tiẹ̀, ó ń tú okùn jáde síbi tí okùn ò ti rọ́nà lọ. Kí n tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, okùn ti lọ́ pọ̀ bí irun tí wọn ò yà fóṣù mẹ́ta. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi tú u. Nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo yọ ọ̀bẹ, mo gé gbogbo rẹ̀ dànù. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí mú lọ́jọ́ náà ni bluegill, ẹja pẹlẹbẹ kan tó jọ ẹ̀pìà, kò kún àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti ń pa bass tipẹ́tipẹ́. Mo gbé ọ̀pá náà lọ fún wọn wò. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n mì í lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Àbúrò, kí lo fẹ́ fi èyí pa? Erinmi?”

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní wọ́n máa ń tóbi ni.”

“Wọ́n máa ń tóbi lóòótọ́. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n tíì pa ní Texas yìí, adágún Lake Fork ni wọ́n ti pa á, oṣù kìíní 1992, pọ́n-ùn 18.18. Ọ̀gbẹ́ni Barry St. Clair tó pa á, bass kọ́ ló ń wá o. Crappie, irú ẹja míì, ló ń wá, ẹja wẹ́wẹ́ ló fi ṣe ìdẹ. Ṣé ọ̀pá erinmi ló gbé lọ?”

Mi ò lè fèsì. Wọ́n wá sọ̀rọ̀ kan tí mo kọ sórí fóònù mi kí n tó kúrò níbẹ̀: “Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí ẹja máa jẹ ló ń yan ìwọ̀, ìwọ̀ ló ń yan okùn, okùn àti ìwọ̀ ló ń yan ọ̀pá. Orí òrùlé lo ti bẹ̀rẹ̀ ilé tìẹ.”

Mo padà sílé ìtajà, ó di látìsàlẹ̀ lọ sókè. Ekòló rọ́bà ni mo kọ́kọ́ mú, íǹṣì márùn-ún, aláwọ̀ ewé tó dọ̀tí díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní green pumpkin. Mo mú dúdú-mọ́-búlúù kún un fún ọjọ́ tí omi bá rú. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín ra àwọ̀ ogún. Ojú èèyàn ni ọ̀pọ̀ àwọ̀ yẹn ń mú, kì í ṣe ẹja.

Ìwọ̀ ló wá kàn. Ẹ̀gbọ́n ti ní 3/0, kí ikùn rẹ̀ fẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ sì ní kọ́ńdọ́rọ́. Ikùn yẹn ṣe pàtàkì. Ìdí ni pé inú rọ́bà la máa fi ẹnu ìwọ̀ pamọ́ sí, kó má baà máa há sí koríko àti igi níbi tí bass ń ba sí. Bí ẹja bá wá dé e mọ́ ẹnu, rọ́bà á rún wọlé, ó gbọ́dọ̀ ráyè rún sí kí ẹnu ìwọ̀ tó lè yọ síta gún ẹja. Tí ikùn ìwọ̀ bá há, rọ́bà fúnra rẹ̀ á dí i, ẹ ó fà, ẹja á la ẹnu, ó ti lọ nìyẹn. Kí n tó sanwó, mo fi ẹnu ọ̀kan nínú wọn wọ́ orí èékánná mi, ó há. Ìwọ̀ tó bá ń yọ̀ lórí èékánná ti kú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mú un lọ.

Òjé tí wọ́n ṣe bí ọta ìbọn ló máa wà níwájú ìwọ̀, áúńsì 1/4. Tungsten, irin míì, wà tó kéré jù ú lójú, tí ìwúwo wọn sì dọ́gba, ṣùgbọ́n owó rẹ̀! Mo mú òjé.

Ọ̀rọ̀ okùn gùn díẹ̀. Táńgíìsì ìgbà èwe wa wà níbẹ̀, òun ló pọ́ọ́kú jù, ṣùgbọ́n ó ń nà. Ẹ ó fà lókè, apá kan agbára yín á ti tán sínú nínà rẹ̀ kó tó dé ẹnu ẹja. Fluorocarbon kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú omi, ó sì máa ń rì. Èyí tí wọ́n dì bí irun, braid, kì í fi bẹ́ẹ̀ nà, ó tín-ín-rín, ó lágbára, àmọ́ ó máa ń hàn kedere. Mo ra braid tó lè gba ìwúwo pọ́n-ùn 20 kó tó já sí ríìlì, mo so ìwọ̀n apá méjì fluorocarbon pọ́n-ùn 12 mọ́ ọn níwájú. Ohun kan tí wọn kì í sọ fún aláìmọ̀kan: braid máa ń yọ̀ lórí irin. Ẹ kọ́kọ́ fi táńgíìsì díẹ̀ wé ìdí rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa yí ríìlì, okùn náà á kàn máa yí pọ̀ sójú kan ni.

Ìgbà yìí ni mo tó wá fọwọ́ kan ọ̀pá. Lókè ibi ìdìmú, ìwé wẹ́wẹ́ kan máa ń wà níbẹ̀ tí mi ò kà lọ́jọ́ kìíní. Gbogbo ẹjọ́ wà nínú rẹ̀: gígùn, líle, ibi tí ọ̀pá á ti tẹ̀, okùn tó gbà, àti ìwúwo ìdẹ tó lè jù. Lára ọ̀pá erinmi mi, ìdẹ tó kéré jù tó lè jù jẹ́ áúńsì 3/8, èmi sì ń fi ekòló kan jù ú! Èyí tí mo mú yìí, ẹsẹ̀ bàtà méje, líle rẹ̀ jẹ́ Medium Heavy, títẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Fast, ìdẹ rẹ̀ jẹ́ áúńsì 1/4 sí 3/4. Fast yẹn ò ní í ṣe pẹ̀lú eré. Ó ń sọ pé orí ọ̀pá nìkan ló máa tẹ̀, ìsàlẹ̀ á le, ìyẹn ló ń ti ìwọ̀ gba inú rọ́bà kọjá sínú egungun ẹnu. Mo fi ríìlì spinning sí i, èyí tó ń so rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá, oní-3000, ìyẹn nọ́ńbà ìtóbi rẹ̀. Okùn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ́ lára rẹ̀ bí ti àkọ́kọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá, dọ́là 130.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó sórí tábìlì oúnjẹ, mo ń ta kókó. Mo ká okùn sí méjì, mo kì í bọ ojú ìwọ̀, mo ta kókó kan ṣoṣo láìfún un, mo gba gbogbo ìwọ̀ kọjá nínú ihò tó kù, mo fi itọ́ tutù ú, mo wá fún un. Itọ́ yẹn kì í ṣe eré: bí okùn gbígbẹ bá ń yí lára ara rẹ̀, ó máa ń gbóná, ibi tó bá ti gbóná ló ti máa já. Mo fi ìwọ̀ gún orí ekòló rọ́bà, mo yọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yí i padà, mo gún un níkùn, mo wá fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ awọ ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe, torí bó bá wọ́, á máa yí bí òkòtó nínú omi.

“Bàbá Tóbi,” ìyàwó mi ní, “ṣé kí n lọ ata sílẹ̀ lọ́la?”

Mo ní kó lọ̀ ọ́.

Oṣù kẹta ni, àsìkò tí bass ń wá sétí omi láti yé ẹyin. Ẹ̀gbọ́n dúró lápá òsì mi, àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀. Mo ju ìdẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó èbúté kan, mo jẹ́ kó rì, mo gbé orí ọ̀pá sókè díẹ̀, mo tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bíi wákàtí kan. Ìgbà tó yá, nǹkan gbá okùn lẹ́ẹ̀mejì, tọ́, tọ́, bí ẹni fi ìka kan ilẹ̀kùn. Mo yí ríìlì kí okùn tó dẹ̀ lè tẹ́, mo fa ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tagbáratagbára. Ọ̀pá tẹ̀ lórí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò mira. Ẹja náà fò sókè omi, ó la ẹnu gbàràgàdà, ó ń gbọn orí kí ìwọ̀ lè bọ́. Kò bọ́.

Ẹ̀gbọ́n ti na ọ̀pá ìwọ̀n kalẹ̀. A gbé e lé e, a pa ẹnu rẹ̀ dé, a fi ìka fún ìrù rẹ̀ pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Texas, íǹṣì 14 ni òfin ní kí bass tó kí èèyàn tó gbé e lọ, ṣùgbọ́n ní Conroe, 16 ni. Tèmi jẹ́ 15 àti ààbọ̀. Mo tún wọ̀n ọ́n. 15 àti ààbọ̀ náà ni.

Mo dì í mú lágbọ̀n ìsàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bọ omi. Ó dúró lọ́wọ́ mi fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó fi ìrù ta omi sí mi lójú, ó lọ.

Nígbà tí mo wọlé, òórùn ata ti kún ilé. Ìyàwó mi wo ọwọ́ mi òtún, ó wo tòsì. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó wò ó dáadáa, ó ní ẹja náà rẹwà, ó ṣí fìrísà, ó mú títùsì jáde.