Owó Mi Tí Wọ́n So Mọ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù

Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2024, ní òpópónà Wentworth, ibi tí gbogbo àwa tó ń ta aṣọ ń pè ní Liverpool Street. Ìyá oníléèsì ti ká léèsì mẹ́ta, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún, ó ti kó wọn sínú náílọ́ọ̀nù, a sì ti nájà tán, ó ti bá mi yọ pọ́n-ùn 20 kúrò nínú iye tó kọ́kọ́ pè. Mo ti káàdì dọ́là mi bọ ẹ̀rọ, mo tẹ PIN mi. Ẹ̀rọ náà ṣe bí ẹni tó ń ronú, ó ní rárá. A tún un ṣe, ó tún ní rárá. Yorùbá ni àwọn obìnrin méjì tó tò sẹ́yìn mi, nítorí mo gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé, "Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù, ó jọ pé owó màmá yìí ò pé."

Owó mi ò pé kẹ̀! Èmi tí mo rí dọ́là 1,041 lórí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ náà! Pọ́n-ùn 300 péré sì ni léèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àbúrò mi tó gbé mi lọ ni ó wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n san án." Ó fi fóònù kan ẹ̀rọ náà, ó dún, ó parí. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn! Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi náírà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akáùntì ìyá wa n'Íbàdàn, kí ó má baà di pé mo jẹ gbèsè lájò.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Bí wọ́n ṣe ń gba físà àti bí wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kò kàn mí níbí. Bí wọ́n ṣe ń ṣí akáùntì dọ́ọ̀mù, ìyẹn akáùntì dọ́là tí káàdì mi so mọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: fọ́ọ̀mù, oníduró méjì, bíìlì iná, kí ẹ lọ kí ẹ padà wá lọ́la. Ohun tó ṣì ń dùn mí níbẹ̀ ni ìgbà tí mo ra dọ́là. Oṣù kejì ọdún 2024 ni, nígbà tí náírà ń já bọ́ láràárọ̀ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n jù. Mo ra dọ́là 1,500 ní 1,650 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 2,475,000 náírà. Nígbà tí mo fi máa dé Lọ́ńdọ́nù, dọ́là kan ò tó 1,300 náírà mọ́. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, kí n má baà tún bínú.

Ẹnìkan á ní kí ló dé tí mi ò gba PTA, dọ́là tí báǹkì ń tà fún arìnrìn-àjò. Mo béèrè fún un. Dọ́là 4,000 ni wọ́n fàyè gbà fún arìnrìn-àjò láàárín oṣù mẹ́ta. Mo kọ fọ́ọ̀mù, mo kó gbogbo ìwé lọ, báǹkì ní kí n máa retí. Mo retí títí mo fi jókòó sínú ọkọ̀ òfuurufú. Káàdì náírà ńkọ́? Lọ́dún 2022 ni ọ̀pọ̀ báǹkì dín ohun tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í pa. Àwọn báǹkì kan ti tún un ṣí lọ́dún 2025, ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, káàdì náírà tó wà nínú pọ́ọ̀sì mi kò yàtọ̀ sí fótò. Bí mo ṣe gbé káàdì dọ́là kan ṣoṣo rìn nìyẹn. Ẹyọ kan! Èmi tí n kì í gbé ìbòrí kan ṣoṣo lọ òde.

Káàdì yẹn gan-an ti fẹ́ kìlọ̀ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò ní àmì ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ bí òṣùmàrè kéékèèké, èyí tí èèyàn fi ń kan ẹ̀rọ láìtẹ PIN. Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ́nù kò ti gba owó lọ́wọ́ èèyàn mọ́, bí o ò bá ní káàdì tó ṣe é kàn, o ò lè wọ̀ ọ́. Àbúrò mi ló fi pọ́n-ùn 7 ra káàdì Oyster fún mi, ó tún fi owó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tètè gbọ́n: pọ́n-ùn 1.75 ni bọ́ọ̀sì nígbà náà, bí o bá sì wọ òmíràn láàárín wákàtí kan, wọn ò tún ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èmi ni mò ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àna tó wá láti Èkó.

Ó yá, ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ àbúrò mi ló ń ṣègbéyàwó, ilé wọn ní Peckham sì kún fún àna dé ojú àtẹ̀gùn, ìyẹn ló gbé mi dé òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí. Òru mẹ́rin, pọ́n-ùn 85 lóru, 340 lápapọ̀. Ọjọ́rú, ọjọ́ 10, ni mo débẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà gba káàdì mi, ó ní òun ò tíì fẹ́ gba owó o, òun kàn fẹ́ dá owó díẹ̀ dúró lórí rẹ̀ ni. Mo ní kò burú. Mi ò béèrè pé mélòó ni "díẹ̀" náà, ibẹ̀ ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Owó yàrá òru mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dá dúró, ó tún fi pọ́n-ùn 50 lé òru kọ̀ọ̀kan, bóyá mo máa fọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Pọ́n-ùn 540! Nínú ìṣirò báǹkì mi, dọ́là 702. Àlẹ́ẹ̀tì kankan ò sì wọlé sórí fóònù mi, nítorí mi ò ṣí síìmù mi fún ìlú òkèèrè kí n tó kúrò nílé.

Lọ́jọ́ Àìkú mo fẹ́ máa lọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló wà nídìí káńtà lọ́jọ́ náà, ó gbé ẹ̀rọ síwájú mi. Iye méjì ló hàn níbẹ̀, pọ́n-ùn 340 tàbí dọ́là 459, kí n mú èyí tó wù mí. Mo rò ó pé dọ́là ló kúkú wà nínú akáùntì mi, kí ni mo fẹ́ fi pọ́n-ùn ṣe? Mo tẹ dọ́là. Ẹ dákun, ẹ má dán an wò láé. Bí ẹ bá tẹ owó ìlú tí ẹ wà, báǹkì yín ló máa bá yín ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ bá tẹ dọ́là, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa ṣẹ́ ẹ, á sì bu èrè tirẹ̀ lé e lórí. Ká ní mo tẹ pọ́n-ùn ni, dọ́là 442 ni báǹkì mi ì bá gbà. Dọ́là 17 ti lọ nìyẹn, 28,050 náírà ní iye tí mo ra á, nítorí pé mo rò pé mo gbọ́n.

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Owó tuntun ni ọmọkùnrin náà gbà. Kò gbà á láti inú èyí tí wọ́n ti dá dúró. Dọ́là 459 lọ, dọ́là 702 ṣì wà nínú ìdè. Nínú 1,500 tí mo gbé wá, 339 péré ló kù tí ọwọ́ mi lè tó, léèsì tí mo fẹ́ rà sì máa gbà tó 390.

Áàpù báǹkì náà ò purọ́ fún mi o. Iye méjì ló wà lórí rẹ̀: ọ̀kan gàdàgbà lókè, 1,041, èkejì lábẹ́ rẹ̀, ó rí tíntìntín, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, wọ́n kọ "available" sí i, 339. Mi ò wọ awò mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èyí gàdàgbà ni mo rí, òun náà ni mo gbé lọ sọ́jà.

Mo pe báǹkì lálẹ́. Orin wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ fún ìṣẹ́jú 22, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kọ ọ́ tán. Ọmọbìnrin kan wá gbé e: "Ẹ má bínú, mà. Owó yín ò sí lọ́wọ́ wa, òtẹ́ẹ̀lì ló dì í mú. Ẹ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀." Ilẹ̀ mọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Kò sí owó yín kankan lọ́dọ̀ wa, mà. A ti tú u sílẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ bá báǹkì yín sọ̀rọ̀." Mo padà sórí fóònù, orin, orin, orin, ẹlòmíràn gbé e, mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. "A ò tíì rí i, mà."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Owó náà kò kúrò nínú akáùntì mi rárá. Báǹkì mi ló so ó mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí alágbò bá so àgbò de oníbàárà tó ní òun ń bọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ní àwọn ò rà mọ́. Ẹni tó so àgbò ní òun ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, bí òun ò bá sì gbọ́, ó di ọgbọ̀n ọjọ́ kí òun tó fúnra òun tú okùn. Àgbò mi ni, mò ń wò ó, kò ṣe é pa jẹ.

Ẹni kẹta tí mo bá sọ̀rọ̀ ní báǹkì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kí n gba lẹ́tà lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Kí ló dé tí ẹni àkọ́kọ́ ò sọ bẹ́ẹ̀? Òtẹ́ẹ̀lì kọ lẹ́tà, mo fi ránṣẹ́. Báǹkì ní kò sí orúkọ òtẹ́ẹ̀lì lórí bébà náà. Wọ́n tún un kọ sórí bébà olórúkọ. Báǹkì ní kóòdù ò sí nínú rẹ̀. Kóòdù wo? Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi ní òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá wọn kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo ẹlẹ́jọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo dúró síbẹ̀, tí mò ń fi Yorùbá ráhùn sétí àbúrò mi lórí fóònù, ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru níbẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn káńtà. "Ẹ kú ìrọ́jú, màmá. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ni wọ́n ń wá. Ó wà lára rìsíìtì tí ẹ̀rọ tẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dé." Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ó fa páálí kan jáde lábẹ́ káńtà, ó tú rìsíìtì ọjọ́ mẹ́fà kalẹ̀, ó sì rí tèmi. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ lẹ́tà kẹta: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì mi, ọjọ́, iye, kóòdù, ó sì fi í ránṣẹ́ tààrà láti e-mail òtẹ́ẹ̀lì sí báǹkì. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú ìyá tó bí i.

Ṣé ó parí síbẹ̀? Báǹkì ní kí n fún àwọn ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Mo délé, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Gbági, ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ tún bọ́ sáàárín. Ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ni dọ́là 702 tó wálẹ̀, ọjọ́ 27 lẹ́yìn tí wọ́n so ó. Bóyá lẹ́tà ló tú u, bóyá ọgbọ̀n ọjọ́ tó fẹ́ pé ni, mi ò lè búra.

Lọ́dún 2025 mo tún lọ, ìgbà yìí ojú mi ti là. Mo ti ṣí akáùntì pọ́n-ùn ní báǹkì mìíràn tó ń fún èèyàn ní káàdì rẹ̀, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò fún àmì ìlà mẹ́rin yẹn kí n tó buwọ́ lùwé. Pọ́n-ùn ni mò ń ná, pọ́n-ùn ló ń jáde, kò sí ṣíṣẹ́ owó láàárín. Mo ṣí síìmù mi kí n tó kúrò ní Ìbàdàn, nítorí bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí OTP, kóòdù tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ò wọlé, káàdì yín ò wúlò. Tí mo bá nílò owó lọ́wọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ "free cash withdrawals" sí lára ni mò ń lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì fà á, nítorí báǹkì ilé ṣì máa gba tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fà á. Àwọn káàdì dọ́là inú fóònù tí àwọn ọmọdé ń lò dára fún ìràjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbé e dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní kí ẹ mú káàdì gidi wá.

Káàdì dọ́là àtijọ́ ni mo yà sọ́tọ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì, n kò sì fi ju 400 síbẹ̀: bí wọ́n bá so ó, kí wọ́n so ó. Mo san owó yàrá tán lọ́jọ́ tí mo dé kí ó lè jẹ́ pọ́n-ùn 50 péré ni wọ́n máa dá dúró. Mo béèrè iye rẹ̀, mo gba rìsíìtì rẹ̀, mo ya fótò kóòdù náà lójú wọn níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà bi mí bóyá báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní aṣọ òkè ni mò ń tà. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀, wọ́n tú u sílẹ̀.

Dọ́là 17 yẹn kò padà. Mo ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Báǹkì ní kí n béèrè lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì, òtẹ́ẹ̀lì ní èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.